Ọmọ Tí A Rán Kò Tíì Fúnni: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọrẹ Àwọn Ọmọdé Lásìkò Kérésì

Bí ẹ bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní Abẹ́òkúta láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i. Ìyá á ya sí ẹ̀gbẹ́ kan, á ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀, á wá owó tí kò tíì gbó jù, á ká a sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ, á ní, "Má sọ ọ́ nù o. Owó ọrẹ ni." Ọmọ á di ọwọ́ mọ́ ọn títí àpò ọrẹ yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní kíláàsì. Á jù ú sínú àpò. Àwa tíṣà á ní, "Ẹ ṣeun, Olúwa á bù kún yín," orin á sì máa lọ.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Sọ́ńdè-sùkúù, àwọn ọmọ ọdún 3 sí 8. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀ rárá: ọmọ yẹn kò tíì fúnni. Ìyá rẹ̀ ló fúnni. Iṣẹ́ ni wọ́n rán an, ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Ó yẹ ká yìn ín pé kò fi ra gúgúrú lọ́nà. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan tó dín lára ohun tó ní. Owó náà kò fìgbà kan jẹ́ tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló kàn gbà kọjá.

Mi ò sọ pé kí a jáwọ́ níbẹ̀. Ọmọ tó ti mọ ọ̀nà ibi ọrẹ láti kékeré kì í tètè gbàgbé rẹ̀. Ohun tó ń ká mi lára ni pé ọ̀pọ̀ wa kì í kúrò níbẹ̀. Ọmọ á pé ọdún mẹ́wàá, á pé méjìlá, ìyá á ṣì máa ká owó sí i lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tó bá wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó gba owó oṣù àkọ́kọ́, la ó máa retí pé kí ọwọ́ rẹ̀ là. Níbo ni yóò ti kọ́ ọ?

Oṣù Kejìlá ló máa ń mú ọ̀rọ̀ yìí wúwo lọ́kàn mi jù. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, tí a kò rí òkè Olúmọ dáadáa mọ́ láàárọ̀, tí èrò ti kún ọjà Kútọ̀ àti Ìtòkú débi pé ẹsẹ̀ kò gbèrò, gbogbo ohun tó yí ọmọdé ká ló ń kọ́ ọ bí a ṣe ń gbà. A ó ra aṣọ ọdún fún un, a ó ra bàtà, a ó ra gíláàsì ojú. Ilé ìwé á ṣe àpèjẹ ìparí táàmù fún un. A ó mú un lọ bá Bàbá Kérésì, òbí á sanwó lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ á wọlé lófìfo, á jáde pẹ̀lú ẹ̀bùn. Yorùbá ní ọwọ́ tó ń fúnni ló máa ń wà lókè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá títí dé ọdún tuntun, ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ ọmọ wa máa ń wà.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí Bàbá Kérésì ti ara rẹ̀ wá, Nicholas, bíṣọ́ọ̀bù Myra ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, ìtàn tí ìjọ ń sọ nípa rẹ̀ ni ti bàbá kan tó ní ọmọbìnrin mẹ́ta, tí kò sì ní owó tí yóò fi fà wọ́n fọ́kọ. Lóru ni Nicholas lọ ju wúrà sínú ilé náà, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tó ṣe é. Ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ni àjọ̀dún rẹ̀. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún kíláàsì mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kí wọ́n tó lọ bá Bàbá Kérésì kankan, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tó ń fún èèyàn ní nǹkan ni, àti pé òru ló yàn láti ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọmọdé ní, nítorí ẹni tí kò ní, kí ni yóò fún ẹlòmíràn? Lásìkò ọdún, àlejò kì í wọlé kó jáde láì fi nǹkan lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá á ní kó fi ra bisikíìtì. Ìyá àgbà á tú etí ìró rẹ̀, á yọ owó tó ti ká di kékeré, á fi lé e lọ́wọ́, á tún gbàdúrà lé e. Kí àlejò tó dé ojú títì, ìyá ọmọ ti nawọ́: "Mú un wá, jẹ́ kí n bá ọ tọ́jú ẹ̀." Mo mọ ìdí rẹ̀. Owó ilé ìwé ń bọ̀ ní oṣù Kìíní, ọmọdé sì lè fi gbogbo rẹ̀ ra ohun tí yóò yọ ọ́ nínú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti rí i títí pé owó tí wọ́n bá òun tọ́jú kì í padà wá, ohun tó kọ́ ni pé kò sí ohun tó jẹ́ tòun. Lọ́jọ́ tó bá rí èyí tí ìyá kò rí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni yóò fi pamọ́ sí, bí a bá sì ní kó fún àbúrò rẹ̀ níbẹ̀, á fàáké kọ́rí. A ó ní ahun ni. Ahun kọ́, ẹ̀rù ló ń bà á.

Fún ìdí èyí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bẹ àwọn òbí kíláàsì mi pé kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n wá kóló fún ọmọ, kékeré irú èyí tí káfíńtà ń kàn. Kí owó tí àlejò bá fún un wọ inú rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Bí ọ̀ràn ilé bá le tí ẹ ní láti mú níbẹ̀, ẹ yá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ó dá a padà, kí ẹ sì dá a padà lọ́jọ́ náà. Àwọn kan máa ń wò mí bíi pé mo fẹ́ ba ọmọ jẹ́. Ọmọ tó bá dá lójú pé ohun kan jẹ́ tòun nìkan ló lè mú un fún ẹlòmíràn tí a ó fi lè pè é ní ọrẹ.

Dáfídì ọba mọ èyí. Nínú ìwé Sámúẹ́lì Kejì orí 24, ó fẹ́ kọ́ pẹpẹ sí ilẹ̀ ìpakà Áráúnà. Áráúnà ní kí ọba gba ilẹ̀ náà, kó gba màlúù fún ẹbọ, kó gba igi tí yóò fi dáná, lọ́fẹ̀ẹ́. Dáfídì kọ̀. Ó ní òun kò ní fi ohun tí kò ná òun ní nǹkan kan rúbọ sí Olúwa Ọlọ́run òun. Ó san 50 ṣékélì fàdákà. Ìgbàkígbà tí mo bá ka ibẹ̀, ìyá tó ń ká owó sí ọmọ lọ́wọ́ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìfẹ́ ló mú ìyá yẹn ṣe é, bí ìfẹ́ ṣe mú Áráúnà. Dáfídì ṣì ní rárá.

Ohun tó wú mi lórí ni pé ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ dáadáa pàápàá mọ ìyàtọ̀. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Yunifásítì British Columbia, ní Kánádà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2. Wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bisikíìtì wẹ́wẹ́ tirẹ̀. Wọ́n gbé ọmọláńgidi ẹranko kan síwájú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń ṣe bíi pé ó ń jẹ ohun tí wọ́n bá fún un. Wọ́n wá ń wo ojú ọmọ náà: nígbà tí òun fúnra rẹ̀ gba bisikíìtì, nígbà tí wọ́n fi òmíràn lé e lọ́wọ́ pé kó fún ẹranko náà, àti nígbà tó mú nínú tirẹ̀ fún un. Inú àwọn ọmọ náà dùn nígbà tí wọ́n fúnni ju ìgbà tí wọ́n gbà lọ. Ó sì dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tó jẹ́ pé nínú tiwọn ni wọ́n ti mú un. Nígbà tí mo kà á, ọ̀rọ̀ Olúwa tí Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn àgbà Éfésù ló sọ sí mi lọ́kàn, pé àti fúnni ó ní ìbùkún ju àti gbà lọ. Ọlọ́run ti fi adùn rẹ̀ sí ọmọ lára kí àwa tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Bí a bá ń fi owó tiwa dípò tirẹ̀ ní gbogbo ìgbà, adùn yẹn là ń gbà lẹ́nu rẹ̀.

Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ọdún kì í tán sínú ilé ẹni tó ń ṣe é. Bí Kérésì bá dé, Mùsùlùmí àdúgbò mọ̀ pé ìrẹsì ń bọ̀. Bí Iléyá bá dé, ẹran àgbò á wọ ilé Kìrìsìtẹ́nì. Ọ̀pọ̀ ilé ló wà tó jẹ́ pé inú ẹbí kan náà ni alááji àti alàgbà ìjọ wà. Àwọn ọmọdé ló sì máa ń gbé oúnjẹ náà kiri. A ó to abọ́ sórí tíréè, a ó fi aṣọ mímọ́ bò ó, a ó ní, "Ẹ gbé e fún Ìyá Alhaja, ẹ ní a ní ẹ kú ọdún." Ọmọ á kúnlẹ̀, á jíṣẹ́. Wọ́n á da oúnjẹ sínú abọ́ tiwọn, wọ́n á fọ tiwa, wọ́n á fi nǹkan sínú rẹ̀, torí abọ́ kì í padà lófìfo. Wọ́n á fún ọmọ tó gbé e wá ní owó tirẹ̀ náà.

Mo fẹ́ràn àṣà yìí gan-an, mi ò sì fẹ́ kó parẹ́. Òun ló jẹ́ kí àdúgbò wa máa jẹ́ àdúgbò. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká rí irú ohun tó jẹ́. Àáró ni Lísàbí baba wa fi kó àwọn ọkùnrin Ẹ̀gbá jọ: lónìí wọ́n ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan, lọ́la wọ́n bọ́ sí oko ẹlòmíràn, títí agbára wọn fi tó láti gba ara wọn lọ́wọ́ ìjọba Ọ̀yọ́. Ọmọ Lísàbí mọ iyì ohun tí èèyàn ń ṣe fún ẹnìkejì tí yóò padà kan òun náà. Tíréè Kérésì wa, àáró ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Jésù wá sọ ọ̀rọ̀ kan nínú Lúùkù orí 14 tó lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. Ó ní bí o bá se àsè, má pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, tàbí àwọn ìbátan rẹ, tàbí àwọn aládùúgbò rẹ tó lówó, kí àwọn náà má baà pè ọ́ kí wọ́n sì san án padà. Pe àwọn tálákà, àwọn aláàbọ̀ ara, àwọn arọ, àwọn afọ́jú, nítorí wọn kò ní ohun tí wọn yóò fi san án.

Bí ìyẹn bá rí bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo tíréè tó ń jáde nílé wa lọ́jọ́ Kérésì, ó yẹ kí ọ̀kan wà tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé abọ́ rẹ̀ yóò padà lófìfo. Èyí gan-an ni mo sì máa ń fẹ́ kí ọmọ gbé, kó má jẹ́ ti Ìyá Alhaja nìkan. Òun sì ni kí ẹ bi léèrè pé ilé wo ni yóò lọ. Ẹnu máa ń yà mí sí ohun tí ọmọdé ń rí. Wọ́n mọ mẹ́gáàdì tí kò rí owó ọkọ̀ lọ sílé. Wọ́n mọ ìyá tó ń gbálẹ̀ ojú títì Ìbarà ní ìdájí. Wọ́n mọ ọmọ kíláàsì wọn tó máa ń sọ pé ebi kò pa òun nígbà oúnjẹ ọ̀sán.

Ní ọdún Kérésì kan, mo ń di oúnjẹ mẹ́gáàdì tó ń ṣọ́ ilé kan ní àdúgbò wa, ọmọ mi ọkùnrin dúró tì mí ní kíṣìnnì. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà. Ó yọjú wo inú kúlà, ó ní ṣé ẹran yìí kò kéré. Mo ní gbogbo ẹran tó kù ti ní ẹni tó ni ín, itan tó wà nínú abọ́ yẹn, tirẹ̀ ni. Ó wo itan náà títí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí itan adìyẹ jẹ́ lójú ọmọdé lọ́jọ́ Kérésì, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ló ń rò. Nígbà tó yá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un, ó gbé e sórí ìrẹsì inú kúlà náà, ó ní, "Màámi, ẹ tètè dé e." Mo tètè dé e.

Ohun tó ṣòro jù fún mi lọ́jọ́ náà ni kí n má fi ẹran tèmi dípò rẹ̀ fún un. Gbogbo ara mi ló fẹ́ ṣe é, ó ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá dí i fún un, kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́, èmi ni mo fúnni. Ẹyin ló fi jẹ ìrẹsì rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mẹ́gáàdì náà rí i lẹ́nu géètì, ó kí i, ó pè é ní ọ̀gá. Òun ló sọ fún mi, èmi kò sí níbẹ̀.

Àwọn òbí máa ń bi mí bí wọ́n ṣe lè mú kí ọmọ ṣe irú èyí. Èsì mi ni pé ẹ ò lè mú un ṣe é. Ẹ lè jẹ́ kó ní nǹkan, ẹ lè jẹ́ kó rí ẹni tí kò ní, ẹ lè jẹ́ kó rí ẹ̀yin náà tí ẹ ń fúnni. Ibi tí agbára yín mọ nìyẹn. Ẹ má ṣe ṣèlérí ohun ìṣeré fún un bó bá fúnni. Ní ọdún 2008, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Leipzig, ní Jámánì, fi hàn pé àwọn ọmọ oṣù 20 tí wọ́n ń fún ní ohun ìṣeré nígbà tí wọ́n bá ran àgbà lọ́wọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ràn án lọ́wọ́ mọ́ nígbà tí ẹ̀bùn dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n àwọn tí a kò fún ní nǹkan kan ń bá ìrànlọ́wọ́ wọn lọ. Mo ti rí i nínú kíláàsì láì ṣe ìwádìí kankan. Ọmọ tí a fi súwíìtì tàn kó tó fúnni, súwíìtì ló ń wá.

Ẹ má sì ṣe fipá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi ronú sí ohun kan tó jẹ́ tiwọn tí wọn yóò fẹ́ fún ọmọ mìíràn ní Kérésì. Ọmọbìnrin kan gbé bèbí rẹ̀ wá, ó gbé e sórí tábìlì. Kí a tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ ìparí, ó ti padà lọ gbé e, ó dì í mọ́ àyà. Ojú ti màmá rẹ̀, ó fẹ́ já a gbà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ sílé." Kọ́ríńtì Kejì orí 9 sọ pé kí olúkúlùkù ṣe bí ó ti pinnu ní ọkàn rẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ìkùnsínú tàbí ti àìgbọdọ̀-má-ṣe, nítorí onínúdídùn ọlọ́rẹ ni Ọlọ́run fẹ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àgbàlagbà nìkan ni ẹsẹ yẹn wà fún. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ náà mú páálí kíréyọ̀n wá, tuntun, tí kò tíì lò rárá. Bèbí rẹ̀ wà lápá rẹ̀ kejì. Ó fi kíréyọ̀n náà lélẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ohun kan wà tí mi ò kí ń fara mọ́, bó ti wù kí òbí bínú tó. Bàtà tí ẹnu rẹ̀ ti là, mọ́tò ìṣeré tí kò ní táyà, aṣọ tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti tán: mo máa ń dá wọn padà. Wòlíì Málákì bi àwọn tó ń mú ẹran afọ́jú àti arọ wá sí pẹpẹ pé kí wọ́n gbé e lọ fún gómìnà wọn wò, bóyá inú rẹ̀ yóò dùn sí wọn. Bí a bá fi Kérésì kó pàǹtírí ilé wa fún ẹlòmíràn, ọmọ tó gbé e lọ yóò ti mọ̀ láti kékeré pé tálákà ni a ń fún ní ohun tí a kò fẹ́ mọ́. Ẹ̀kọ́ yẹn burú ju kó má fúnni rárá lọ.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò náà wà níbẹ̀. Oṣù Kejìlá ni ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí máa ń gba àlejò jù. Ẹgbẹ́ kan ń jáde, òmíràn ń wọlé, wọ́n á to àwọn ọmọ yẹn sẹ́yìn páálí indomie, wọ́n á ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti wà lórí Facebook. Ọmọ wa tó dúró sí àárín fọ́tò náà ń kọ́ nǹkan kan. Jésù ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Yorùbá náà ní a kì í ṣoore tán ká tún lóṣòó tì í. Nínú kíláàsì mi, a kì í ya ẹni tí a lọ bá ní fọ́tò. Ọmọ tí a fún ní bàtà lónìí, ọmọ kíláàsì ẹnì kan ni, wọn yóò sì pàdé ní súkúù lẹ́yìn ọdún.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ka èyí tí wọ́n ń sọ lọ́kàn wọn pé àwa gan-an kò rí jẹ, kí ni ọmọ tèmi fẹ́ fún ẹnikẹ́ni? Ọ̀wọ́n nǹkan kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé. Ẹ jẹ́ ká padà sínú ìtàn Kérésì fúnra rẹ̀. Gbogbo wa la mọ àwọn amòye tó mú wúrà, tùràrí àti òjíá wá. Ẹbọ tí Jósẹ́fù àti Màríà mú lọ sí tẹ́ńpìlì nítorí ọmọ náà, a kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lúùkù orí 2 pè é ní àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì. Òfin Mósè, ní Léfítíkù orí 12, sọ ẹni tí ìyẹn wà fún: obìnrin tí agbára rẹ̀ kò ká ọ̀dọ́ àgùntàn. Ilé tí Jésù ti kọ́ bí a ṣe ń fúnni, ilé tálákà ni. Ọmọ tí kò ní owó nínú kóló lè pọnmi fún ìyá àgbà tó ń dá gbé. Ó lè gbálẹ̀ iwájú ilé rẹ̀. Ó lè jókòó tì í, kó ka Bíbélì fún un nítorí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Àkókò eré rẹ̀ ló mú lọ síbẹ̀, ẹ sì bi ọmọdé bí ohun mìíràn bá wà tó wọ́n lójú rẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Ó sì yẹ kí àwa ará Abẹ́òkúta mọ ohun tí owó ọmọdé lè ṣe. Oṣù Kejìlá 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọ ìlú yìí, lẹ́yìn tí àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí tí wọ́n padà wálé láti Sierra Leone, ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n rán oníwàásù sí àwọn, Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá nígbà náà, sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Nígbà tó padà dé Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24, Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ìránṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà, ló bá níbẹ̀, ẹni tí òun náà wọ Abẹ́òkúta ní oṣù Kìíní 1843. Townsend àti Àjàyí Crowther padà wá ní 1846 láti wá jókòó, ọdún yẹn náà ni Crowther rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí ogun ti yà wọ́n. Ní àwọn ọdún 1840 yẹn, àwọn ọmọdé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Gẹ̀ẹ́sì ń dá owó Kérésì jọ fún iṣẹ́ ìránṣẹ́, CMS sì bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé ní 1842 láti máa ròyìn iṣẹ́ náà fún wọn. Owó kékeré tó wá láti ọwọ́ ọmọdé tí kò ní fojú kan Olúmọ láé wà lára ohun tó gbé ìyìn rere dé Aké. Abọ́ àwọn ọmọ yẹn padà lófìfo.

Ọjọ́ kejì Kérésì, ọjọ́ 26, ni ìjọ ń rántí Sítéfánù. A mọ̀ ọ́n sí ẹni tí wọ́n sọ ní òkúta. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6 sọ pé ó wà lára àwọn ọkùnrin méje tí wọ́n yàn láti máa pín oúnjẹ, nítorí pé wọ́n ń fo àwọn opó kan dá nígbà ìpín ojoojúmọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo yàn fún kíláàsì mi. Lọ́jọ́ Kérésì, gbogbo ilé ló ń gbé oúnjẹ kiri; ní ọjọ́ kejì, ó ti rẹ gbogbo ayé, àwọn tí kò rí nǹkan lánàá kò ní rí i lónìí. Àwọn òbí kan ní ọjọ́ ìsinmi àwọn ni, mo sì gbà wọ́n láyè kí ọmọ wọn dúró sílé.

Ti ọdún yìí, a ó ṣí kóló kíláàsì ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn kí Kérésì tó dé. Àwọn ọmọ ọdún 7 àti 8 ni yóò ka owó náà, èmi yóò kàn jókòó tì wọ́n ni. Wọn kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò gbà á. Àwọn kan ní ìyá tó ń ta ẹ̀pà lẹ́bàá géètì ṣọ́ọ̀ṣì, tí òjò wó ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní ọmọkùnrin kan tí kò wá sí Sọ́ńdè-sùkúù mọ́ nítorí bàtà. Ọmọ ọdún mẹ́rin kan ní kí a fún Bàbá Kérésì, torí òun kò tíì rí ẹni tó fún un ní nǹkan kan rí. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù tí wọn yóò fi parí àríyànjiyàn náà, mo sì ti sọ fún wọn pé mi ò ní bá wọn dá sí i.